Ọṣẹ Tó Kù Nínú Àwo

Tí ọkọ mi bá ti fá irùngbọ̀n tán láàárọ̀, á gbọn omi ara búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nù, á gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí balùwẹ̀, irun rẹ̀ á dorí kodò. Tí mo bá fi máa ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, ó ti gbẹ bí ìgbálẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, mo dé, mo fọwọ́ kàn án, ó rin gbingbin. Ọṣẹ tútù ṣì wà nídìí irun rẹ̀.

Kí n má parọ́, àǹjọ̀nnú kọ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Obìnrin ni. Ọkùnrin tó bá ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀, tó tún ń yọ́ wá fá a lọ́sàn-án, ẹnì kan wà tó fẹ́ lọ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ dídán hàn. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, èmi ò sì fi oògùn tèmi ṣeré rárá.

Aago ni ọkọ mi ń tún ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀, ó sì háwọ́ débi pé èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ ní Ahun. Kì í bínú sí i. Tí ìpara bá tán, á la ike rẹ̀ sí méjì kó lè nu èyí tó kù nínú. Ọṣẹ ìfárùngbọ̀n tó bá ṣẹ́ kù sínú àwo, kò ní dà á nù láéláé. Á fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti fá tẹ́lẹ̀, á tún un fá, kó ṣáà má ṣòfò.

Bàbá rẹ̀ ló ni búrọ́ọ̀ṣì náà. Lẹ́yìn tí bàbá kú ni ìyá ọkọ mi kó àwọn nǹkan ìfárùngbọ̀n rẹ̀ wá fún wa: búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹranko, àwo funfun kékeré kan, àti abẹ onírin tó wúwo, èyí tí wọ́n máa ń yí ìdí rẹ̀ kí orí rẹ̀ tó là láti gba bíléèdì. Ọkọ mi yọ̀ mọ́ wọn bí ọmọdé. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀. Bàbá yẹn ò fẹ́ràn ariwo, ẹnu tèmi kì í sì í dilẹ̀, látọjọ́ tí mo sì ti wọlé wọn ló ti ń pè mí ní Aláròyé. Kò sẹ́lòmíì tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Tó bá fẹ́ fá irùngbọ̀n, á kọ́kọ́ fi abẹ kan etí àwo, kó, kó, kó, gbogbo ilé á sì pa lọ́lọ́.

Bí ọkọ mi ṣe jókòó ti oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo bi í léèrè.

"Ahun mi, ta lò ń fá irùngbọ̀n fún lọ́sàn-án?"

"Ọ̀sán wo? Mi ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù."

"Búrọ́ọ̀ṣì ẹ rin gbingbin."

"Bóyá ìwọ lo fi fọ nǹkan."

"Kí ni màá fi í fọ̀? Eyín?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú síbi iná. Ìgbà yẹn ni mo rí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ ń dán bó ṣe fi í sílẹ̀ láàárọ̀. Ti ọ̀tún ti kún fún irun, àfi bíi pé abẹ ò débẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kó fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní bóyá bíléèdì ló ti kú.

Lọ́jọ́ kejì, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo lọ lúgọ sí òdìkejì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ó doríkodò sínú aago, dígí kékeré tó fi ń wo iṣẹ́ wà lójú rẹ̀. Mo sáré lọ sílé. Mo bá ilẹ̀kùn ní títì, èmi àtòun nìkan la sì ní kọ́kọ́rọ́. Búrọ́ọ̀ṣì tún ti tutù. Omi díẹ̀ wà nínú àwo, irun wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sì léfòó sí i. Funfun ni gbogbo wọn. Ọkọ mi ò tíì hu ewú kan ṣoṣo.

Mo kúrò nínú balùwẹ̀ yẹn, mo lọ dúró lójú títì láàárín èrò títí ó fi dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan ń yí padà ní apá kan ara rẹ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀ létí ọ̀tún, kì í gbọ́. Ojú ọ̀tún tó fi ń wo inú aago bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, débi pé kò rí àwọn ìdè kéékèèké inú aago mọ́, ó sì ń dá iṣẹ́ àwọn oníbàárà padà. Bàbá rẹ̀ ni etí ọ̀tún rẹ̀ di, tí ojú ọ̀tún rẹ̀ sì ṣú kó tó kú. Nígbà míì, bí mo bá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀, á gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti pa mí lẹ́nu mọ́, lẹ́yìn náà á wo ọwọ́ ọ̀hún bíi pé kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo fẹ́ràn Ahun mi, ó sì ń lọ mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ara mi.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ni mo bá gba ilé ìyá ọkọ mi lọ. Mo bá a níbi tó ti ń ká aṣọ. Mo ní, "Màmá, nǹkan ń ṣe ọmọ yín lójú."

Kò gbójú sókè. "Apá wo ni?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura, torí mi ò tíì sọ fún un pé apá kan ni. Èmi tí mo ń fura sí gbogbo obìnrin àdúgbò, mi ò ronú kan ìyá ọkọ mi.

"Ọ̀tún, Màmá."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa méjèèjì nìkan la wà nílé. "Bàbá yín ti fá òsì tán lọ́jọ́ tó kú. Ó fọṣẹ sí ọ̀tún, ó sì ṣubú. Ojú tí a bá ti fọṣẹ sí, a kì í fi í sílẹ̀ láìfá. Ó wá parí tiẹ̀ ni."

Mo rántí pé lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n pe onígbàjámọ̀ wá láti fá ibi tó kù. Màmá ló lé e padà, ó ní kí wọ́n fi ọkọ òun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa sọ pé ìbànújẹ́ ló ń dà á láàmú.

"Kí ni ká ṣe?" mo bi í.

"Bá a fá ọ̀tún. Ọ̀tún nìkan. Ti ọmọ mi ni òsì, ọṣẹ yẹn ò gbọdọ̀ kàn án. Tó o bá parí, gbé àwo náà sílẹ̀ síwájú dígí. Má da ọṣẹ tó bá kù nù o, ó di ọjọ́ kejì."

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Láàárọ̀ Sátidé, oòrùn gba fèrèsé wọ balùwẹ̀. Ọkọ mi jókòó sórí àpótí, ó ta tówẹ̀lì sọ́rùn. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ọ̀tún nìkan, mo ti gbọ́," ó ní. "Ṣáà má gé mi létí."

Mo fi omi gbígbóná po ọṣẹ títí ó fi hó rẹpẹtẹ, síbẹ̀ ó tutù lọ́wọ́ mi bí omi inú kànga. Mo fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mo sì ń fa abẹ wálẹ̀ láti etí dé àgbọ̀n, bí irun ṣe hù. Bí mo bá ti ṣan abẹ, irun funfun á léfòó. Mi ò jẹ́ kó rí i.

Nígbà tí mo fá èyí tó gbẹ̀yìn, ó mí kanlẹ̀. Ó la ojú ọ̀tún. "Èèrà kan ń gun ògiri yẹn," ó ní. Èèrà náà kéré, ó sì jìnnà. Mo bú sẹ́kún.

"Má sunkún sínú ọṣẹ," ó ní, "ó máa ṣàn jù."

Ahun mi ti dé! Mo gbé àwo síwájú dígí bí Màmá ṣe wí, mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, mo sì lọ mú tówẹ̀lì gbígbẹ nínú yàrá. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ọ.

Kó, kó, kó.

Mo sáré padà. Ọkọ mi dúró níwájú dígí, ọṣẹ ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀, ó sì ti fá a dé ìdajì.

"Gbé abẹ yẹn sílẹ̀!"

"Èyí tó kù pọ̀," ó ní. Ohùn tirẹ̀ nìyẹn, ohùn tí mo mọ̀. "Mo ní kó má ṣòfò."

Ó fa abẹ dé àgbọ̀n kí ọwọ́ mi tó bà á. Ó ṣàn án nínú omi. Funfun ni irun náà. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ojú ọkọ mi ni, ó dán láti etí dé etí.

"Ahun mi?"

"Aláròyé," ó ní, "ariwo yìí ti pọ̀ jù láàárọ̀."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo lọ ṣí i. Màmá ni. Ẹnikẹ́ni ò pè é. Aṣọ tí kò tíì wọ̀ látọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló wọ̀, ó gbé báàgì dání. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí balùwẹ̀, ó mú sílípáàsì àtijọ́ méjì tí Bàbá máa ń wọ̀ jáde nínú báàgì, ó tò wọ́n sílẹ̀. Ọkùnrin náà ki ẹsẹ̀ bọ̀ wọ́n láìwolẹ̀. Màmá fi etí tówẹ̀lì nu ọṣẹ tó kù lábẹ́ etí rẹ̀.

"Ẹ pẹ́ lọ́nà," ó wí fún un jẹ́jẹ́.

"Màmá," mo ní, "ọmọ yín ńkọ́?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí tówẹ̀lì. Omi wà lójú rẹ̀, mo rí i. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nù.

"Ọmọ dáadáa ni," ó ní. "Kì í jẹ́ kí nǹkan ṣòfò."

Mo ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ pé obìnrin kan wà nídìí búrọ́ọ̀ṣì yẹn. Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá fún wa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.