Àlejò Tó Tètè Dúpẹ́

Ọ̀sán ganrínganrín ni Anifa sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Villarrica, nígbà tí gbogbo ọmọ Paraguay tórí ẹ̀ pé ti na gbalaja sábẹ́ òjìji. Ó ga, ó dúdú, ó ń dán, ó ń wọ́ àpótí tí táyà ẹ̀ kan ti yọ, ó sì ń rìn bí ẹni tó ni ìgboro. Derlis gbẹ́nàgbẹ́nà, tó wá fi àga ránṣẹ́ sí oníbàárà, rí i, ó gbàgbé àga.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ilé Ña Blásida?"

"Ta ló ní mo mọ obìnrin yẹn?"

"Gbogbo ẹni tí mo bi ló nawọ́ sí yín."

Derlis bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá mi ni. Gbé àpótí wá."

Láti Mòsáńbíìkì ni Anifa ti wá kọ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn, ó sì ti gba yàrá sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ña Blásida. Èdè Potogí tó gbọ́ láti kékeré jọ ti àwọn tibẹ̀, nítorí náà ẹnu ẹ̀ ò kú rárá.

"Ṣé bí gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú yìí ṣe máa ń wo èèyàn nìyí?"

"Rárá o. Àwọn tó kù ń sùn."

Wọ́n bá Ña Blásida àti àwọn aládùúgbò ẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, wọ́n ń mu tereré, ewé inú omi yìnyín. Ife kan, ọ̀pá ìfamu kan, ni gbogbo wọn ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ña Blásida bu ti àlejò. Anifa fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. "Ẹ ṣeun púpọ̀, mà." Ó mu ún. Ó dùn mọ́ ọn.

Ife yí ká, ó fò ó. Ó tún yí, ó tún fò ó. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ojú sì ń tì í. Ìgbà tó fò ó lẹ́ẹ̀kẹta, Anifa dìde, ó gbá àpótí mú.

"Mò ń lọ wá òtẹ́ẹ̀lì. Ilé tí wọn ò ti lè fún mi lómi, mi ò lè sùn níbẹ̀."

"Ẹ wá gbọ́ o!" ni Ña Blásida pariwo. "Ìwọ tó kọ ife wa! O fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan, o ní ó tó!"

"Èmi? Nígbà wo?"

"Ṣé o ò dúpẹ́ ni?"

Derlis sáré dí ẹnu géètì. "Màmá, níbi tó ti wá, ẹni tí ò dúpẹ́ ni ò lẹ́kọ̀ọ́. Anifa, níbí, ẹni tó bá dúpẹ́ ló ti yó. Wọn kì í bu fún un mọ́."

"Yéè!" Ña Blásida kawọ́ lérí. "Mo fẹ́ fi òùngbẹ pa ọmọ ọlọ́mọ! Jókòó, jàre. Mu. Bí mo bá gbọ́ 'ẹ ṣeun' lẹ́nu ẹ, màá gbá ẹ létí."

Anifa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó mu ún títí yìnyín fi tán.

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, Derlis ki aṣọ sínú àpò.

"Ibo lò ń lọ?" ni ìyá ẹ̀ bi í.

"Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi. Ẹ̀yin lẹ ní ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí ò gbọdọ̀ yọ ayálégbé lẹ́nu. Mo fẹ́ Anifa, Màmá. Tọkàntọkàn ni."

Anifa yọrí lójú fèrèsé. "Mi ò tíì gbà o!"

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń lọ nìyẹn."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀, Àbámẹ́ta àti Àìkú làwọn àfẹ́sọ́nà ìlú yẹn ń lọ kí ọmọge. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, Derlis á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti lọ̀, á dúró lẹ́nu géètì ìyá ara ẹ̀, á pàtẹ́wọ́ bí àlejò ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. "Ta ni o?" ni ìyá ẹ̀ á bi í, láìrẹ́rìn-ín. Àwọn aládùúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ọdún kìíní, Anifa ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọdún kejì, ó ti ń retí àtẹ́wọ́ yẹn láti àárọ̀. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára.

Nígbà tó ṣe ìdánwò àṣekágbá, bàbá ẹ̀ pè é láti Nampula ní Mòsáńbíìkì: kó máa bọ̀ nílé. Derlis gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́.

Bàbá bi í léèrè. "Ọdún mélòó lo ti fi sùn níta ilé ìyá ẹ?"

"Mẹ́rin, Bàbá."

"Nítorí ọmọ mi?"

"Kí orúkọ rẹ̀ má baà bàjẹ́ ni, Bàbá."

Bàbá ní òun á fèsì. Ní Ọjọ́bọ̀, Derlis pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ta ni. Anifa fúnra ẹ̀ ló ṣí géètì, ó di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú.

"Sọ ọwọ́ kalẹ̀, olówó orí mi. Bàbá ti gbà. Wọlé."