Ìyá Arúgbó Inú Yàrá Ẹja

Ìyá arúgbó náà kúnlẹ̀ kí mi. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ rú mi lójú, torí gbogbo irun orí rẹ̀ ló ti funfun, bẹ́ẹ̀ èmi ò tíì pẹ́ nílé ọkọ. Ta ló yẹ kó kúnlẹ̀ fún ta?

Yàrá yìnyín tí à ń kó ẹja sí níbi iṣẹ́ wa la wà. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ kò ṣeé ṣí látinú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wọlé á fi fìlà rẹ̀ kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n má baà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo kọ́ tèmi. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi tí à ń pè ní Onímọ́tótó kì í rí ìdọ̀tí kó mójú kúrò. Ó rí i pé fìlà mi ti dọ̀tí, ló bá mú un lọ sílé láti bá mi fọ̀ ọ́. Oore ló fẹ́ ṣe o! Ọlọ́dẹ wo ìṣó, kò rí nǹkan kan, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà. Ọ̀sán Sátidé ni. Ó yẹ kó di ọjọ́ Ajé kí ẹnikẹ́ni tó tún padà wá ṣí i.

Mo pariwo títí ohùn mi fi há, àmọ́ ilẹ̀kùn náà nípọn, ohùn kì í gba ibẹ̀ jáde. Ọmú mi ti kún, ó ń ro mí, torí ọmọ mi jòjòló wà nílé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, kò sì tíì jẹ nǹkan mìíràn rí. Àárò rẹ̀ tó ń sọ mí dùn mí ju òtútù lọ. Nígbà tó yá, òtútù náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi bí oorun. Mo jókòó, mo ní kí n sinmi díẹ̀.

Ìgbà náà ni ìyá yìí jáde látẹ̀yìn àwọn páálí ẹja.

"Ẹ má sùn, mà," ó rọra sọ bẹ́ẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ má fa èpè sí mi lọ́rùn."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ máa dìde."

Èémí mi ń rú bí èéfín. Tirẹ̀ ò rú. Aṣọ ilé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wọ̀, kò sì gbọ̀n. Orí mi wú.

Ó nawọ́ sí fáànù ńlá tó ń fẹ́ òtútù. "Ẹ kó páálí dí i lẹ́nu. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́ fẹ́, ẹ̀rọ á dàrú, aago ìta á sì dún."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"N ò lágbára mọ́, mà."

"Irọ́ lẹ̀ ń pa. Ẹ lágídí. Mo ti jìyà agídí yín tó."

Mo gbé páálí kan, ó já bọ́. Mo tún un gbé. Ìka mi ti kú, apá ni mo fi ń gbá wọn mọ́ra. Bí mo bá dúró, á ní, "Òmíràn." Bí mo bá sunkún, á rẹ́rìn-ín: "Ẹkún ò kan ẹja, mà. Òmíràn."

Nígbà tí mo dí fáànù náà tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kí aago tó han gooro níta. Mo gbọ́ tí ọlọ́dẹ ń sáré bọ̀. Ìyá náà dì mí lọ́wọ́ mú, ọwọ́ rẹ̀ gbóná.

"Ta ni yín?" mo bi í.

"Ẹ máa sáré lọ sílé," ó ní. "Ẹ lọ fún mi lọ́mú. Ebi ń pa mí."

Ilẹ̀kùn ṣí. Mo wẹ̀yìn, ẹja nìkan ni mo rí. Ọlọ́dẹ ń pe Ọlọ́run, ó ń da aṣọ bò mí, ó ní kí n jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn. Mo ní ilé ni kó kọ́kọ́ gbé mi lọ.

Ọmọ mi ti ké títí kò lè ké mọ́. Bó ṣe gbọ́ òórùn mi báyìí, ó gbá ọmú mú. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mi ò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

"Mà," mo sọ fún ìyá ọkọ mi, "ọmọ yìí á dàgbà, á darúgbó."

Ó rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Ó ní, "Àmín."