Físà Tí Òróró Bà Jẹ́

Aníwúrà ṣí ìwé ìrìnnà rẹ̀ lórí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ojú ewé tí físà rẹ̀ wà ti rin gbindin. Òróró ni. Àwọn àwọ̀ ti ṣàn wọnú ara wọn. Ojú rẹ̀ nínú àwòrán dà bí ojú ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ṣeé kà mọ́.

"Màmá, ta ló fọwọ́ kan ìwé mi?"

Ìyá rẹ̀ yọ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ funfun lára. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Ìjọ Aládùúrà wọn ní Ìkọ̀yà ló ń lọ.

"Èmi ni. Mo gbé e lọ sórí pẹpẹ lánàá. Wòlíì gbàdúrà sí i. Èmi fúnra mi fi òróró sàmì àgbélébùú sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà dá ọ padà ní ibodè."

"Ṣé ẹ fi kàn án ni, àbí ẹ dà á lé e?"

"Ọwọ́ mi wúwo díẹ̀. Mo fẹ́ kó dájú ni."

Aníwúrà jókòó. Ó wá ìbínú nínú ara rẹ̀, kò rí i.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́ ní òkè òkun, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n fún un. Ìsìnkú ìyá àgbà rẹ̀ ló gbé e wálé. Físà ọdún méjì ni físà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òfin kan: ẹni tó bá lò ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ ní ìta orílẹ̀-èdè tó fún un ní físà, físà rẹ̀ ti kú nìyẹn. Aníwúrà ti lo ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ó ku mẹ́rìnlá. Bí kò bá wọlé kí wọ́n tó pé, ẹlòmíràn ni ilé ẹ̀kọ́ yóò fi sí àyè rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀kadà kan dúró níwájú ilé. Dèjì ló sọ̀ kalẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Aníwúrà, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Okitipupa. Juliet wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ Erinje ni Juliet. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni òun àti Aníwúrà ń lọ lókè òkun.

Dèjì wo ojú ewé náà. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà, Àǹtí! Ẹ dín físà bí ẹni ń dín àkàrà!"

"Dèjì, fi mí sílẹ̀," ni ìyá wí. Kò gbójú sókè.

Dèjì yíjú sí Aníwúrà. "Má banújẹ́. Mo mọ ọkùnrin kan. Ọjọ́ mẹ́ta péré, á tẹ òmíràn fún ọ. Bi Juliet bó ṣe ṣe tirẹ̀."

Juliet ṣí ìwé tirẹ̀. "Wò ó. Ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni mo ti lò nílé. Ìyá mi wà ní ọsibítù, mi ò lè lọ. Ọkùnrin náà ti yí òǹtẹ̀ ọjọ́ tí mo jáde padà. Ta ló máa mọ̀?"

"Àwọn tó fún wa ní físà ńkọ́? Ṣé wọn ò kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn?"

"Wòlíì Aníwúrà!" Juliet yínmú. "Ó dáa. Jókòó síbí, kí o máa bó ẹ̀gẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Aníwúrà ronú sí i. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Kò ní sí àlàyé, kò ní sí ìtìjú.

"Ṣe é, ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí jẹ́ẹ́. "Èmi ni mo ṣẹ̀."

Aníwúrà pa ìwé náà dé.

"Màmá, ìfẹ́ lẹ fi bà á jẹ́. Bí mo bá wá fi irọ́ tún un ṣe, kí la ó pe ìyẹn? Rárá, Bùọ̀dá Dèjì. Mo máa lọ bá àwọn tó ni físà."

"Tóò. Bí o bá débẹ̀, sọ pé òjò ló pa á o. Bí o bá dárúkọ òróró àdúrà, wọ́n á ní orí rẹ ti dàrú."

Aníwúrà kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè náà ní Èkó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní kó wá lọ́jọ́rú.

Ìyá rẹ̀ bá a lọ. Obìnrin kan tó ti dàgbà díẹ̀ ló wà lẹ́yìn gíláàsì. Ọmọ Yorùbá ni. Ó gba ìwé náà, ó sì yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Kí ló ṣe ìwé yìí?"

Irọ́ òjò ti dé orí ahọ́n Aníwúrà. Ó wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí àga, ó dorí kodò.

"Ìyá mi ló fi òróró àdúrà sí i, Mà. Wọ́n fẹ́ kí n rin ìrìn ire."

Obìnrin náà gbé ìwé sí imú. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Òróró ni lóòótọ́. Ẹni méjì ti wá síbí lóṣù yìí, wọ́n ní òjò ló pa ìwé àwọn. Ọjọ́ inú rẹ̀ ni wọ́n lọ yí padà." Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀: orúkọ, àwòrán, ọjọ́ tí Aníwúrà jáde. "Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rin lo ti lò. Àyè ṣì wà. Padà wá lọ́jọ́ Ajé, wàá gba tuntun."

Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí ìyá. "Màmá, nígbà míì, orí ọmọ ni kẹ́ ẹ da òróró lé. Orí kì í ṣá."

Ìyá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àìkú.

Lọ́jọ́ Ajé, Aníwúrà gba físà tuntun.

Juliet ti fò lọ ní Sátidé. Ní ibodè, òṣìṣẹ́ kò tilẹ̀ wo òǹtẹ̀ inú ìwé rẹ̀. Ẹ̀rọ ló wò, ẹ̀rọ sì fi ọjọ́ tó jáde gan-an hàn. Wọ́n dá a padà sínú ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ náà. Ó pe Dèjì títí, Dèjì ti pa fóònù. Nígbà tó dé Erinje, ohun kan ló ń tún sọ: "Ká ní mo ti kọ̀wé sí wọn nígbà tí ìyá mi wà ní ọsibítù, bóyá wọn ì bá fi ọjọ́ kún un fún mi."

Aníwúrà wọ orílẹ̀-èdè náà ní ọjọ́ kẹrìndínláàdọ́rùn-ún. Òṣìṣẹ́ wo ẹ̀rọ, ó wo ojú rẹ̀, ó lu òǹtẹ̀ gbì. "Ẹ káàbọ̀."

Ní Ìkọ̀yà, ìyá rẹ̀ dìde láti jẹ́rìí nínú ìjọ.

"Èmi ni mo ba físà ọmọ mi jẹ́," ó wí. "Mo tún ní kó parọ́. Ó kọ̀. Ó ti wọlé!"

Agogo dún. Àwọn èèyàn jó títí erukú fi sọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mọ òfin ìwé tí ẹ gbé dání. Ẹ ka ọjọ́ yín. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ tètè sọ fún ẹni tó lè tún un ṣe, kí ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Juliet kò tó ogún ọdún. Ọjọ́ kan ni.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì tó dé ọ̀hún, olùkọ́ pe orúkọ Aníwúrà nínú kíláàsì. Ó dáhùn.