Ìka Bàbá Béèsì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú u tán, nítorí ìtàn ìfẹ́ kan ni mo gbé wá fún yín lónìí. Inú ìfura ni wọ́n bí ìfẹ́ ọ̀hún sí, ìfura náà ló sì kù díẹ̀ kó pa á. Mi ò ní sáré sọ ọ́ o. Ẹ fẹ̀yìn tì.

Ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ aránṣọ; níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìrántí bàbá rẹ̀ tó kú ló ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin kan. Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin yìí dúró sẹ́yìn pátápátá, ó fèjìká ti ògiri, ó di ojú méjèèjì, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ń rìn lórí apá ọ̀tún rẹ̀ bí aláǹtakùn tó ń wá ọ̀nà ilé. Kò sunkún. Kò kí ẹnikẹ́ni.

Bàbá tí wọ́n ń rántí yẹn, Bàbá Béèsì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Jìtá olóhùn ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní béèsì, ló ń ta. Kò ní ẹgbẹ́ orin tirẹ̀. Akọrin tó bá fẹ́ ṣe àwo á pè é sí sítúdíò, á jókòó, á ta tirẹ̀, á gbé jìtá kọ́ èjìká, ó di ilé. Orúkọ akọrin ló máa ń wà lára páálí àwo. Tirẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Síbẹ̀, ilé wo ni ìka rẹ̀ kò wọ̀? Ó ní ibì kan nínú orin tó máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó fọwọ́ kan okùn, bí ẹni tó ń wọ́ sálúbàtà bọ̀ láti yàrá. Bí ọmọ rẹ̀ bá wà lójú oorun, ó lè dá a mọ̀.

Bí àwọn olórin ṣe wá ń ta ọ̀kan nínú àwọn orin bàbá náà ní gbọ̀ngàn, tí gbogbo èrò ń mi orí, ọkùnrin ẹ̀yìn yẹn lajú, ó sì fa ojú ro. Ara aránṣọ ta. Ó la àárín àga kọjá lọ bá a.

“Ọ̀gbẹ́ni, ṣé orin náà ò dùn mọ́ yín ni?”

“Ó dùn. Wọ́n kàn yára ju Bàbá lọ ni.”

“Ẹ mọ bàbá mi?”

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lù. “Ẹ̀yin lọmọ wọn?” Ó sún mọ́ ọn díẹ̀. “Jìtá wọn ńkọ́? Ṣé ó ti dé ilé?”

Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Kò ní ẹ kú ìrọ́jú, kò ní Ọlọ́run á tù yín nínú, jìtá ló béèrè. Aránṣọ sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé olè rèé.

“Ó ti dé ilé,” ló dáhùn, “a sì ti fi àgádágodo tì í mọ́ yàrá.” Irọ́ ni. Orí àga pálọ̀ ni jìtá wà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin ọ̀hún yọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Elétí ni wọ́n ń pè é ní sítúdíò, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fetí sílẹ̀, kó sì máa ká ohùn àwọn olórin sílẹ̀. Àǹtí, àbúrò ìyá aránṣọ, wà níbẹ̀ tó ń ṣẹ́ etí aṣọ. Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè.

“Kọ́tìnnì ni mo fẹ́,” ni Elétí wí. “Èyí tó nípọn dáadáa.”

“Ṣé oòrùn ló ń yọ yín lẹ́nu?” ni aránṣọ bi í.

“Oòrùn kọ́, ajá ni. Ajá kan wà níta wa tó máa ń bá gbogbo akọrin gbe orin. Bó ṣe wà yìí, ó ti wà nínú àwo ju ọ̀pọ̀ akọrin lọ.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu aránṣọ kó tó ráyè mú un. Ó tún ojú rọ kíá. “Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi jìtá bàbá mi ṣe lọ́jọ́ yẹn?”

“Mo fẹ́ kí ẹ tú okùn rẹ̀ díẹ̀ ni. Bó bá le kankan báyìí tí kò sẹ́ni tó ń ta á, ọrùn rẹ̀ á tẹ̀.”

Nígbà tó lọ tán, Àǹtí pòṣé. “Gbogbo aránṣọ tó wà láyé yìí, ìwọ ló rí. Ọmọ yẹn ń wá nǹkan.”

“Kọ́tìnnì ló ń wá, Àǹtí.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Kọ́tìnnì.”

Ṣùgbọ́n aránṣọ tú okùn jìtá nígbà tó délé. Ó sì lọ wọn fèrèsé sítúdíò. Ó tún padà lọ wọ̀n ọ́n, ó ní téèpù òun ló ṣe màgòmágó. Elétí á gbé àga fún un, á ní, “Ọ̀gá aránṣọ, fèrèsé wa ò tíì dàgbà sí i láti àná o.” Òun náà á dáhùn pé, “Olówó orí ajá, dákẹ́ ẹnu ẹ.” Báyìí ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe kúrò ní “ẹ” tó di “o”, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì mọ ìgbà tó bọ́ síbẹ̀.

Nǹkan kan ló ń jẹ aránṣọ lọ́kàn. Bó bá ti bèèrè bí bàbá òun ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, Elétí á bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà tí kò lọ́.

“Kí lò ń fi pa mọ́ fún mi?”

“Mo fẹ́ràn rẹ,” ni Elétí wí. “Ìyẹn ni mò ń fi pa mọ́.”

“Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́.” Ojú tì í, ó wo ilẹ̀. “Èmi náà fẹ́ràn rẹ. Mi ò kàn tíì gbà ọ́ gbọ́ ni.”

Kọ́tìnnì di gígbé kọ́, ó sì bá fèrèsé mu. Ṣé ẹ rí i, ibi tó yẹ kí ìtàn ti máa dùn bọ̀ nìyẹn. Àfi bí rédíò ṣe gbé orin tuntun jáde ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Akọrin obìnrin kan ló fi dárò Bàbá Béèsì. Ó ní bàbá ti lọ, ó ní ta ni yóò máa gbé ohùn wa ró. Aránṣọ ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ̀lú omijé lójú, ló bá ṣàdédé dá ẹ̀rọ dúró.

“Àǹtí, ẹ gbọ́ ìsàlẹ̀ orin yẹn. Bàbá ni!”

“Bàbá wo? Orin ikú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ!”

“Ìka rẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ bó ṣe wọ́ ẹsẹ̀ yẹn. Elétí ló gé e láti inú àwo àtijọ́. Ó ń ta ìka bàbá mi fún àwọn akọrin!”

Kò mú ìborùn. Ó já wọ sítúdíò, ó gbé àga sábẹ́ fèrèsé, ó gùn ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já kọ́tìnnì rẹ̀ lára irin.

“Olè! Olè tó ń jí òkú gbé! Kọ́tìnnì mi ò ní bá ọ bo àṣírí.”

Àga náà ń mì, Elétí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì dì í mú. “Jọ̀ọ́, rọra, kó o má ṣubú.”

“Ta ló ta béèsì inú orin yẹn?”

“Mi ò jí nǹkan kan.”

“Mo ní ta ni?”

Elétí gbé jìtá sítúdíò lé itan. Ó ta á. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó wọ́ sálúbàtà ọ̀hún bọ̀ láti yàrá. Aránṣọ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn kọ́tìnnì rẹ̀, ó fi ọ̀kan bo ojú.

Nígbà tó sunkún tán, ìbéèrè mìíràn jí nínú rẹ̀. Ìrántí kan ló gbé e dé: bàbá òun, nínú ọdún tó kẹ́yìn, tí kò lè de bọ́tìnnì ara rẹ̀, tí ìyá ń bá a dè é.

“Elétí, àwọn orin tó ṣe gbẹ̀yìn… ta ló ta wọ́n?”

“Bi Màmá,” ni gbogbo ohun tó rí gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá ń ká aṣọ nígbà tí aránṣọ wọlé, tó bi í ní ìbéèrè náà. Kò yà á lẹ́nu. “Ọwọ́ bàbá rẹ ti gan,” ló wí. “Bó bá jẹ́wọ́, wọn ò ní pè é mọ́, iṣẹ́ yẹn sì ni èémí rẹ̀. Ló bá kọ́ ọmọ yẹn. Bàbá rẹ á jókòó kò ó lójú, á gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ ọmọ náà, bó bá tẹ ẹsẹ̀, ọmọ náà á ta okùn. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ní Bàbá ò fẹ́ kí èèyàn máa wo òun níbi iṣẹ́.” Ó da aṣọ tó ká sílẹ̀. “Ìdí tí mi ò fi fẹ́ rí ọmọ yẹn nílé yìí nìyẹn. Ẹni tó di irú àṣírí bẹ́ẹ̀ mú fún èèyàn, ó ń bọ̀ wá gba nǹkan lọ́jọ́ kan. Ṣé bàbá rẹ ò fi ọ́ ṣe ìlérí fún un?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ aránṣọ lára bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú aṣọ. Ṣé ìfẹ́ ni Elétí ní sí òun, àbí ẹ̀san iṣẹ́ rẹ̀ ni òun?

Ó ránṣẹ́ pe Elétí wá sí pálọ̀, ó sì bi í lójú ìyá rẹ̀.

“Ìlérí kankan ò sí,” ni Elétí wí lórí ìdọ̀bálẹ̀. “Mi ò mọ̀ pé wọ́n ní ọmọbìnrin. Wọn kì í pe orúkọ rẹ. Wọ́n á kàn ní, ‘Ẹ jẹ́ ká tètè ṣe é, ọ̀gá mi ní kí n má pẹ́ délé.’ Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni, mo rò pé Màmá ni ọ̀gá ọ̀hún.”

“Èmi?” Ìyá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. “Bí kì í bá ṣe okùn lo fi àṣírí yẹn ṣe, tú u. Sọ ọ́ fáyé.”

“Mi ò lè sọ ọ́, Mà. Wọ́n á ní irọ́ ni Bàbá.”

“Ẹ ò rí i? Ó ṣì fẹ́ dì í mú.”

Aránṣọ wo àwọn méjèèjì. Ó rí i pé bí Elétí bá sọ ọ́, ó ba bàbá jẹ́. Bó bá dákẹ́, a ó máa fura sí i títí láé. “Màmá,” ló wí, “ẹ̀yin lẹ lè sọ ọ́. Bẹ́ẹ bá ti sọ ọ́ tán, kò sí ohun tó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ká wá wò ó bóyá á padà wá.”

Ìyá ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó gbà. Ó pe àwọn tó bá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ wá sílé: onílù, ẹni tó ń tẹ dùùrù, akọrin obìnrin yẹn. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Onílù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ìyá wa, ẹ má bínú. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Mo rò pé èmi nìkan ni.”

“Ìwọ náà?” ni onídùùrù pariwo. “Mo sì ń fi pa mọ́ fún ọ!”

“Ẹ̀yin èèyàn yìí!” Akọrin obìnrin gbá àyà. “Èmi tí mo ń bá yín pa irọ́ kiri, tí mò ń ní Bàbá ò fẹ́ kí wọ́n wo òun!”

Ẹ̀rín àti ẹkún dàpọ̀. Onílù nu ojú. “Irọ́ ibo ló wà níbẹ̀? Ta ló ń sọ ibi tí ohùn á ti fà sẹ́yìn? Ti Bàbá lorin náà. Ọmọ yẹn kàn yá a ní ìka ni.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Elétí padà wá. Ìyá ló ṣílẹ̀kùn.

“Kí lo tún wá gbà?”

“Mi ò wá gba nǹkan kan, Mà. Mo wá tọrọ ni. Bẹ́ẹ bá ní rárá, màá kí yín, màá lọ, inú ò sì ní bí mi sí yín.”

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ìwọ ńkọ́?”

“Màmá, mo ti fura sí i láti orí dé ẹsẹ̀,” ni aránṣọ wí. “Mo ti tú gbogbo rẹ̀ yẹ̀wò. Òun náà ni mo fẹ́.”

Ìyá wo ọkùnrin náà pẹ́, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ó kó aṣọ kúrò lórí àga. “Jókòó,” ló wí. “Ṣùgbọ́n mo ṣì ń wò ọ́ o.”

Wọ́n ti fẹ́ra báyìí, Ìyá sì ṣì ń wò ó. Àǹtí ló sọ ìtàn yìí fún mi, èyí tó ń ṣẹ́ etí aṣọ yẹn. Ó ní òun kò yọ́ gbọ́ nǹkan kan, pé ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe sọ ọ́ fún yín. Ti ilẹ̀kùn nìkan ni mi ò tíì gbà.