Ohun Tí Ìgò Gbígbóná Sọ

Ìgbà tí ọkùnrin atẹ́rọṣe kan kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ọsibítù, ọmọbìnrin náà gbé ìgò gbígbóná lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dijú, bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí létí. Ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se ìgò níbẹ̀ ni ọkùnrin náà wá tún ṣe. Ó dúró pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́.

"Kí ni ìgò ń sọ?"

"Ó ní kí n ṣe sùúrù. Oúnjẹ tí a fi ń hu kòkòrò àrùn ló wà nínú rẹ̀. Tí mo bá da ẹ̀jẹ̀ àgùntàn sí i báyìí, ẹ̀jẹ̀ á jinná. Tí mo bá pẹ́ jù, á dì mọ́nú ìgò. Kòkòrò tí a gbà lára aláìsàn, bí ò bá sì rí jẹ, ò ní hù, dókítà ò ní mọ ohun tó ń ṣe é."

"Atẹ́rọṣe ńkọ́? Ta ló ń se tiẹ̀?"

"Tún ìkòkò ṣe ná."

Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni o, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ṣe é. Kí ìkòkò tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára.

Àmọ́ ìyá ọkùnrin náà, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, fàáké kọ́rí. "Ọwọ́ tó ń bọ́ kòkòrò àrùn ló máa gbé ọmọ-ọmọ mi? Ká má rí i."

Ọmọbìnrin náà ní òun ò ní wọ ilé tí ìyá ò ti fẹ́ òun. Ó dun olólùfẹ́ rẹ̀ wọra.

Nígbà tó yá, màmá gbéra, ó lọ bá ọmọbìnrin náà níbi iṣẹ́ kó lè kìlọ̀ fún un. Ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí mo bá fi í sílẹ̀, á dì."

Ó gbé ìgò lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó da ẹ̀jẹ̀ sí i, ó rọra yí i kó má baà yọ ìfófò, ó ń ṣí àwọn abọ́ pẹlẹbẹ tó tò sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń da oúnjẹ náà sí wọn, ó ń dé wọn. Gbogbo rẹ̀ pọ́n, ó ń dán, ó dùn ún wò. Màmá gbé èébú tó gbé wá mì.

"Kí ló dé tó o fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wò ó?"

"Gbígbóná ti mọ́ ọwọ́ mi lára, mà. Ọwọ́ lè tàn mí jẹ."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ìgúnpá ni mo fi ń wo omi kí n tó wẹ ọmọ tuntun. Ìdí kan náà ni." Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ, o dúró bí òpó. Bá ìyàwó mi kó abọ́."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá. Ọkùnrin náà gba ìgò òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó dijú.

"Kí ló sọ?" ọmọbìnrin náà bi í.

"Ó ní sùúrù wa ti tó."