Ìlà Kan Ṣoṣo sí Kétu

Orí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìdògò ni Akínbọ̀dé ti kọ́kọ́ rí Morádéyọ̀. Ó gbé módẹ́ẹ̀mù sókè, ó ń nà bí ẹni fẹ́ já ọsàn.

"Àǹtí, ṣé ẹyẹ lẹ̀ ń pè ni?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ ga, ẹ wá bá mi gbé e dání."

Ó gbé e. Apá ń ro ó, kò gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín pé ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún tí wọ́n ti bọ́dà pa ni. Kétu ti ilẹ̀ Benin ni ìyá Akínbọ̀dé wà, lódìkejì bọ́dà, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè gba ọ̀nà igbó. Bí wọ́n bá pè é lórí fóònù, já ló ń já.

Bàbá Morádéyọ̀, Kátíkíìsì Adégbóyè, kò gbọ́ ti àwáwí. "Nílé tiwa, ìyá ọkọ ló ń tọrọ ìyàwó fúnra rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá dé, n kò fọ́mọ fún ẹnikẹ́ni."

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni àwọn olólùfẹ́ wa méjèèjì. Akínbọ̀dé ti ṣe ojú-ìwé kan fún àwọn ará ìjọ tí ẹbí wọn há sọ́hùn-ún: àyè ìkíni, àyè àdúrà, àti aago tó ń dún bí ọ̀rọ̀ bá dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ní kí Màmá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí lọ́jọ́ Ìsinmi.

Aago dún. Àyè ìkíni ṣófo.

"Aago dún, ọ̀rọ̀ dà?" Bàbá dìde. "Ìyá rẹ kò kà wá sí."

Ó jáde. Akínbọ̀dé sunkún, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Akin mi," ni Morádéyọ̀ wí, "ìlà mélòó lo fà lọ sọ́dọ̀ Màmá?"

Ìlà tí ọ̀rọ̀ ń gbà lọ gbà bọ̀ lórí kọ̀ǹpútà láìdákẹ́ ló ń bi í léèrè, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní wẹbusọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Mẹ́ta. Àyè kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀."

"Há! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí agbára káká ló fi ń gbé ẹyọ kan! Ti aago yè, ti ìkíni kú, ọ̀rọ̀ Màmá sì ṣòfò. Fa ẹyọ kan, kí o máa pín ohun tó bá gbé wá fún gbogbo wọn."

"Bí ẹyọ yẹn náà bá já ńkọ́?"

"A óò tún un so. Àwa méjèèjì la jọ máa ṣọ́ ọ."

Ẹ̀bẹ̀ ni Morádéyọ̀ fi mú Bàbá padà wá lọ́jọ́ Ìsinmi kejì. Aago dún. Lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ hàn ní àyè ìkíni, ó hàn ní ti àdúrà: "Bàbá Morádéyọ̀, mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Ẹ fún mi lọ́mọ yín, kí n fi ṣọmọ."

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́. "Sọ fún un pé mo gbọ́. Mo fún un."

Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà. Màmá kò lè rí i, Akínbọ̀dé bá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: "Ó ti kúnlẹ̀ o, Màmá."

Wọ́n dúró. 

Aago dún.

"Dìde, ìyàwó mi."

Ó pẹ́ kó tó lè dìde.