Ìdáhùn Ló Ń Wa Ọkọ̀

Orí ikùn ni Bùsàrí dùbúlẹ̀ sí nígbà tí Limota kọ́kọ́ rí i. Àgbà ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun nà gbalaja sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò ṣe ní Ọ̀kà, ó ń fa ọkọ̀ ìṣeré pupa kan jáde lábẹ́ tábìlì.

Tíṣà ìṣirò ni Limota, opó tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé-ìwé rẹ̀ wá láti Ìkàrẹ́ fún àtúnṣe.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," Bùsàrí wí, ó ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀. "Mo ní kó dúró ni, kò gbọ́."

"Bí àwọn ọmọ ṣe máa ń ṣe mí ní kíláàsì nìyẹn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣí inú ọkọ̀ náà, ó fi bọ́ọ̀dù kan tí kò ju ìka méjì lọ hàn án. Àṣẹ tó bá kọ sínú rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà ni ọkọ̀ ń tẹ̀ lé.

Limota wò ó títí. "Bí ọmọ bá dáhùn ìbéèrè ìṣirò bó ṣe tọ́, ṣé ọkọ̀ yìí lè sún síwájú?"

"Ẹ kọ ìbéèrè wá. Èmi á wá ọkọ̀ kejì, ká lè fi wọ́n sáré."

Marwa, ọmọ kan ṣoṣo tí Limota bí, tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ní Akùngbá, ló ṣe ojú-ewé íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ yóò máa tẹ ìdáhùn sí lórí fóònù. Bùsàrí, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀ tipẹ́, wá ń gun ọ̀kadà wá sílé Limota ní Ìkàrẹ́ ní gbogbo Sátidé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń lẹ wáyà, Limota á máa bá a dì í mú.

"Ẹ ti lẹ wáyà yẹn síbi tí kò yẹ," Limota á ní.

"Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ mi jù."

Marwa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti yàrá. Ní Sátidé kan, nígbà tí Bùsàrí ti lọ, ó jáde sí ìyá rẹ̀.

"Màámi, ilé-ìwé ni mo ṣe iṣẹ́ yìí fún. Mi ò ṣe é láti fi wá ọkọ fún yín."

Limota sọ ọ́ fún Bùsàrí lórí fóònù.

"Limota," ó ní. Kò pè é lórúkọ rí. "Mo fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní wọ ilé tí ọmọ ilé á torí mi jáde. Màá dúró."

Sátidé mẹ́ta kọjá, kò wá. Limota ń se oúnjẹ, ó ń máàkì ìwé, ilé pa rọ́rọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ọkọ̀ méjèèjì ṣe ìdíje ìṣirò, nǹkan dàrú. Bí ẹgbẹ́ tó ni ọkọ̀ pupa bá dáhùn bó ṣe tọ́, ọkọ̀ búlúù ló ń sáré. Marwa gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀kà. Òun àti Bùsàrí jọ yẹ̀ ẹ́ wò títí di ìrọ̀lẹ́, kí Marwa tó rí i pé òun lòun fi orúkọ ọkọ̀ kan sí ipò èkejì. Bùsàrí kò bá a wí.

"Ó ti ń rìn dáadáa," ni gbogbo ohun tó sọ.

Marwa tẹjú mọ́lẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí, sà. Mo rò pé bí Màámi bá ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, wọ́n ti gbàgbé bàbá mi nìyẹn."

"Mi ò ní sọ pé kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi náà á jókòó gbọ́."

Ọmọbìnrin náà pa láptọ́ọ̀pù dé. "Ẹ máa bọ̀ ní Sátidé."

Lọ́jọ́ ìdíje, àwọn ọmọ tó máa ń sùn ní kíláàsì ìṣirò dìde dúró lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń ka ìdáhùn síra wọn létí. Ní Sátidé, Marwa gbé oúnjẹ fún Bùsàrí, ó sì jáde lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wá rí àwọn ènìyàn rẹ," Bùsàrí wí. "Ṣé kí wọ́n wá?"

"Ìkàrẹ́ ni iṣẹ́ mi wà. Mi ò lè kó lọ sí Ọ̀kà."

"Ta ló ní kí o kó lọ? Èmi á máa lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, màá wálé."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún Limota pé òun á wálé.

"Kí wọ́n wá lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀," ó ní, "lẹ́yìn ìrun."